Kì í ṣe iṣan apá la fi ń kápá ìbọn ìléwọ́

Ẹ jókòó sí ilé alámàlà àwa Yorùbá ní Kubwa tàbí Nyanya l'Ábújá nígbà tí fíìmù jàgídíjàgan bá ń lọ, ẹ ó gbọ́ ọ: "Ẹni tápá ẹ̀ ò bá ki, kó má dán ìbọn ìléwọ́ wò, á yẹ̀ ẹ́ léjìká." Ẹlòmíì á tún dìde, á na apá méjèèjì gan-an, á ní báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Irọ́ ni, ẹ̀gbọ́n.

(N kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ wá ìbọn o. Òfin ìbọn ọdún 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èèwọ̀ fún aráàlú, àfi ẹni tí Ààrẹ bá fún níwèé àṣẹ.)

Ọta 9mm (ìyẹn ọta tí ìbú rẹ̀ tó mìlímítà 9) wúwo tó nǹkan bíi gíráàmù 8, ìbọn tó ń yìn ín sì sún mọ́ kílò kan. Bí ọta ṣe ń sá lọ síwájú nìbọn ń ti ọwọ́ sẹ́yìn, àmọ́ ìbọn fi ìlọ́po tó lé ní 100 wúwo ju ọta lọ, eré tirẹ̀ ò lè tó ti ọta. Èjìká wo nìyẹn fẹ́ yẹ̀? Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ẹnu ìbọn máa ń fò sókè, torí pé ọ̀pá rẹ̀ ga ju ọwọ́ tó dì í mú lọ. Bí ọwọ́ bá ṣe jìnnà sí ọ̀pá tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe fò tó.

Nítorí náà, ibi tí ọwọ́ wà ló ṣe pàtàkì. Ọwọ́ ọ̀tún á lọ sókè pátápátá lára èèkù, àtẹ́lẹwọ́ òsì á dí ẹ̀gbẹ́ tó ṣófo, àtàǹpàkò méjèèjì á kọjú síwájú. Àwọn òṣèré wa tó máa ń fi ọwọ́ òsì gbé ìdí èèkù láti ìsàlẹ̀, ọ̀ṣọ́ lásán ni. Ẹni tó bá sì gbé àtàǹpàkò òsì sẹ́yìn ìbọn, irin òkè, èyí tó bo ọ̀pá ìbọn tó sì ń sáré padà, á bó o láwọ.

Ìgúnpá ńkọ́? Ẹni tó ń gba àpò sìmẹ́ǹtì látorí ọkọ̀ kì í na apá gan-an. Bí ìgúnpá bá le, gbogbo ipá yẹn á wọ èjìká, ara á sì fì sẹ́yìn. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ọrùn ọwọ́ nìkan ni kò gbọ́dọ̀ rọ̀: bó bá rọ̀, irin òkè lè má padà dópin, kòròfo ọta á há, ìbọn á dákẹ́. Jack Weaver, ọlọ́pàá kan ní Los Angeles, fi ọwọ́ méjì àti ìgúnpá tó tẹ̀ na àwọn tó ń fi ọwọ́ kan yìnbọn láti ìbàdí nínú ìdíje, ní ìparí àwọn ọdún 1950.

Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni "ìbọn ló gbọn ọwọ́ mi, ni mo ṣe tàsé." Kí ẹnu ìbọn tó fò sókè, ọta ti jáde tipẹ́. Ẹ̀rù ariwo ló ń mú kí ọwọ́ ti ìbọn wálẹ̀ ṣáájú. Olùkọ́ tó bá mọṣẹ́ á yọ́ ọta tí kò ní ẹ̀tù sáàárín àwọn yòókù, kò ní sọ fún ẹni tó ń kọ́. Onítọ̀hún á fa tírígà, ìbọn ò ní dún, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ á ṣubú sílẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Wọ́n á máa dà á pọ̀ bẹ́ẹ̀ títí ẹnu ìbọn yóò fi dúró sójú kan nígbà tí kò bá dún.