Gbígbé ilé olóògbé fún ọdún 12 nìkan ò sọ ọ́ di tìẹ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, àmọ́ ohun tẹ́ ẹ kọ pé ẹni tó bá ti gbé ilé ẹbí ẹ̀ tó kú fún ọdún 12, ilé ti di tiẹ̀ nìyẹn, kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, ó sì lè kó èèyàn sí wàhálà. Ọdún nìkan kọ́ ni kóòtù máa ń wò. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín pé ta ló ní kẹ́ ẹ máa gbébẹ̀? Tó bá jẹ́ àwọn ọmọ olóògbé ló ní kẹ́ ẹ ṣì máa bá wọn ṣọ́ ọ, ẹ ti gbàṣẹ nìyẹn, ọdún tẹ́ ẹ bá sì fi gbébẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ yẹn ò wọ ìṣirò.

Tẹ́ ẹ bá wá jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó máa jogún ẹ̀ ńkọ́? Ibẹ̀ gan-an ló ti le jù, torí wọ́n sábà máa ń gbà pé ẹ̀ ń bá àwọn yòókù di ilé náà mú ni, bẹ́ ẹ sanwó orí ilé, bẹ́ ẹ tún òrùlé ṣe, ìyẹn nìkan ò tó.

Ọdún 12 yẹn pàápàá, ní England, ilẹ̀ tí wọn ò forúkọ ẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba ló wà fún. Èyí tí wọ́n ti forúkọ ẹ̀ sílẹ̀, látọdún 2003, ẹni tó ti lo ọdún 10 lè kọ̀wé béèrè lóòótọ́ pé kí wọ́n sọ ọ́ di tòun, àmọ́ wọ́n á fi tó ẹni tó ni ín létí, onítọ̀hún sì lè ta kò ó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kọ, àwọn kan ti fẹ́ torí ẹ̀ lọ bá ẹbí wọn jà.