Ọ̀tún ni ọmọ ogun Róòmù ń gbé idà sí

Ẹnìkan sọ pé òǹkọ̀wé tó bá ní kí ọmọ ogun Róòmù fa idà yọ láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kò mọ ìtàn, torí pé òsì ni gbogbo ẹni tó ń fi ọwọ́ ọ̀tún jà ń gbé idà sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe tún ìwé yín kọ nítorí ọ̀rọ̀ yìí.

Polybius, òpìtàn ará Gíríìsì ayé àtijọ́, kọ ọ́ pé itan ọ̀tún ni wọ́n ń so idà mọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú àwòrán àwọn ọmọ ogun tí wọ́n gbẹ́ sára òpó Trajan, olú ọba Róòmù, ní ìlú Róòmù, tí wọ́n parí lọ́dún 113.

Ọwọ́ òsì ló di apata ńlá mú. Bí idà bá wà lósì, ọwọ́ ọ̀tún á gba iwájú àyà kọjá sẹ́yìn apata, ìgbọ̀nwọ́ á sì gún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lọ́tùn-ún, á yí ọwọ́ dà kí àtàǹpàkò kọjú sílẹ̀, á di èèkù mú, á fà á sókè tààrà, á wá yí ṣóńṣó rẹ̀ síwájú. Apata ò ní mì rárá. Ohun tó mú un rọrùn ni pé idà náà kúrú: irin rẹ̀ ò ju nǹkan bí 50 sẹ̀ǹtímítà lọ nígbà Trajan.

Àwọn balógun ọ̀rún ló yàtọ̀. Wọ́n gbẹ́ àwòrán Facilis, ọ̀kan nínú wọn, sára òkúta ibojì rẹ̀ ní Colchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì: idà lósì, ọ̀bẹ lọ́tùn-ún.

Bí ìtàn yín bá sì jẹ́ ti ọ̀rúndún kẹta, idà gígùn ti gbòde nígbà yẹn, òsì ni kí ẹ gbé e sí.