Kókó ojú ara kì í ṣe àtọ̀sí, ẹ yéé fi abẹ́rẹ́ gún un

Ẹnì kan tún ti gba ohùn rẹ̀ sórí WhatsApp, ó ń káàkiri láàárín àwọn ìyá wa ní Sábó, Ìkòròdú: kókó tó bá yọ lójú ara obìnrin, àtọ̀sí ni, kó mu àgbo, kó fi abẹ́rẹ́ gún un kí omi ó dà. Ó ti sú èèyàn.

Èyí tó wọ́pọ̀ kì í tiẹ̀ ṣe àràmàǹdà. Orísun omi kéékèèké méjì ló ń mú ẹnu ọ̀nà ibẹ̀ rin. Bí ibẹ̀ bá jẹ́ ojú aago, ọ̀kan wà níbi 4, èkejì níbi 8. Bí ihò rẹ̀ bá dí, omi á gbá jọ. Bó bá gba ọyún, dókítà á là á, á ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, á fi omi mílílítà 2 sí 3 fẹ orí rẹ̀ bíi bàlúùnù, á fi í síbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 kí ihò tuntun má bàa padé. Ojú abẹ́rẹ́ ní tiẹ̀ kì í pẹ́ dí. Kókó á padà. Àtọ̀sí lè fà á nígbà mìíràn, mo gbà, ṣùgbọ́n kòkòrò tó ń gbé inú ìfun la sábà ń bá níbẹ̀. Àwọn tó ní àgbo wo àwọn sàn ńkọ́? Kókó omi kékeré a máa dà fúnra rẹ̀.

Àwọn tó ṣọ̀wọ́n ni gbígún ń ṣe ní jàǹbá, torí wọn ò ní omi nínú. Kókó ọ̀rá á rọ̀, á máa yọ̀ lábẹ́ ìka. Irú ẹran fáíbírọ́ìdì náà lè hù níbẹ̀, á le. Òmíràn á rọ̀ dirodiro bí èso kajú. Èyí tó ń tan dókítà pàápàá ni aggressive angiomyxoma, irú kókó ẹran kan tí àwọn dókítà Steeper àti Rosai ṣàpèjúwe ní 1983: lójú, kókó omi lásán ni, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọnú ìbàdí lọ. Bí wọn ò bá yọ ọ́ tán, ó lè tún hù lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ya MRI, àwòrán inú ara, kí ọ̀bẹ tó kàn án.

Ẹ ní kí obìnrin náà dìde, kó húkọ́. Bí kókó bá ń yọ síta bó ti ń húkọ́, tó ń wọlé bó bá dùbúlẹ̀, ìfun ló ṣeé ṣe kó sọ̀ kalẹ̀. Ẹ wá rò ó, kí ni abẹ́rẹ́ yẹn máa gún?

Kókó tó le, odindi ni wọ́n ń yọ ọ́. Inú fọ́málíìnì ìdá 10 nínú 100, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹran bàjẹ́, ló ń lọ, tó tó ìlọ́po 10 ẹran náà. Bí ẹ bá fi omi iyọ̀ rọ́pò, á ti bàjẹ́ kó tó dé láàbù. Obìnrin tó lé ní 40 tí kókó tuntun yọ sí lẹ́nu ọ̀nà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá a padà sílé láìgé díẹ̀ níbẹ̀ fún àyẹ̀wò.