Òru ọjọ́ kan kọ́ o

Ibi tí ẹ ti kọ ọ́ nínú àpilẹ̀kọ yín pé Tomi Adeyemi, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà, "di olókìkí lóru ọjọ́ kan" ni mo ti dúró. Òru wo? Ọmọ yìí ti kọ odindi ìwé kan ṣáájú, àwọn tó fi ránṣẹ́ sí kò gbà á. Salvador ní Brazil ló ti rí àwòrán àwọn òrìṣà wa nínú ṣọ́ọ̀bù kan tí ìtàn ìwé rẹ̀, Children of Blood and Bone, fi sọ sí i lọ́kàn. Ìwé náà jáde ní 2018, ìwé kẹta tó parí ìtàn náà kò dé títí di 2024. Iṣẹ́ ni, kì í ṣe oríire lásán.

Ẹni tó sọ nínú èsì tó wà lókè pé ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kò lẹ́tọ̀ọ́ láti fi òrìṣà kọ ìtàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 13, Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn tí mo bá sọ Yorùbá sí i. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ìwé náà wá bá mi, ó fi ìka sórí ọfọ̀ tí wọ́n fi Yorùbá kọ, ó ní, "Mọ́mì, ẹ bá mi kà á." Mo kà á, ó ní kí n tún un kà. Ó ń pè é tẹ̀ lé mi títí ohùn rẹ̀ fi bọ́ sí i. Bí wọ́n ṣe kọ "Orïsha" nínú ìwé náà kò tẹ́ mi lọ́rùn, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni ọmọ mi ti ń pe ìyá mi lórí fóònù, tó ń bèèrè ẹni tí Ọya jẹ́.