Ẹ Kọ Ọdún Mọ́ Ọn!

Ẹ̀yin tí ẹ ń da fíìmù sí fíláàṣì fún wa l'Ákùúrẹ́, kí ló le nínú kí ẹ kọ ọdún mọ́ orúkọ fíìmù? Èèyàn ní ẹ fún òun ní Crash, ohun tó bá kọ́kọ́ yọjú lẹ̀ ń jù sí i. Crash wo? Ti Paul Haggis, 2004, ọ̀rọ̀ ẹlẹ́yàmẹ̀yà ní Los Angeles ni, òun ló gba Oscar. Ti David Cronenberg, 1996, àwọn tí jàm̀bá ọkọ̀ ń ru ìfẹ́ ara wọn sókè ni. Wọn ò bára tan rárá! Ẹ wá gbé ti Cronenberg fún bàbá tó fẹ́ bá àwọn ọmọ rẹ̀ wo fíìmù lálẹ́ Sátidé. Ojú wo ló fẹ́ fi wo ìyàwó rẹ̀?

Ti fáìlì srt, ìyẹn fáìlì tó ń gbé ọ̀rọ̀ táwọn òṣèré ń sọ jáde ní kíkọ nísàlẹ̀ fíìmù, tilẹ̀ tún burú jù. James Spader, òṣèré ti 1996, ń sọ tirẹ̀ lókè, ọ̀rọ̀ Don Cheadle, òṣèré ti 2004, ń sáré kọjá nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ò mọ̀yàtọ̀: bí orúkọ srt bá ti bá ti fíìmù mu, á gbé e jáde ni. Ẹ kọ "Crash 1996" àti "Crash 2004", kí srt kọ̀ọ̀kan jẹ́ orúkọ fíìmù tirẹ̀ gan-an.

Bí fáìlì bá wá láìní ọdún, ẹ wo gígùn rẹ̀. Ti 1996 ò ju nǹkan bí 100 ìṣẹ́jú lọ. Ti 2004 lé ní 110. Kò tíì dá yín lójú? Ẹ ṣí i, ẹ sáré wo inú rẹ̀: bí ẹ bá rí òṣèrébìnrin Sandra Bullock, ti 2004 ni. Ẹ má sì sọ fún wa pé "orúkọ kan náà ṣá ni." Owó la san.