Èsì wa fún oníbàárà tó ní ọ̀dà gègé òun ti ń bó

Ẹ kú ilé o sà, ẹ ṣé tí ẹ ráyè kọ̀wé sí wa, ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa náà mo ti rí i. Ẹ ní gègé Japan tí ẹ rà fún Dádì yín nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì, ọ̀dà ẹ̀ ti ń bó létí ọmọrí débi pé pupa ti ń yọ lábẹ́ ẹ̀, pé ó fúyẹ́ bíi bírò 100 náírà, pé ẹnu ẹ̀ sì ń họ bébà.

Pupa yẹn ò bó o sà. Ẹ wo orúkọ tó wà lára páálí ẹ̀, aka-tamenuri, "aka" yẹn, pupa ni lédè Japan. Pupa ni wọ́n kọ́kọ́ kùn ún, wọ́n wá ń fi oje kan tó mọ́ bí oyin bò ó léraléra títí tó fi fẹ́ẹ̀ dúdú, àmọ́ létí ọmọrí àti níbi tó bá ti ní igun, oje yẹn kì í nípọn, ibẹ̀ ni pupa ti ń yọjú. Àwọn tó mọ gègé yìí, ibẹ̀ gan-an ni wọ́n máa ń wò kí wọ́n tó náwó. Bó bá sì ṣe ń pẹ́ lọ́wọ́ Dádì, bẹ́ẹ̀ ni á máa hàn sí i, ẹ má wá bá mi jà nígbà yẹn o 😄. Ẹ fi ìka ra ibẹ̀ wò, tó bá ń yọ̀ geere, kò síbi tó bó.

Oje yẹn, urushi ni wọ́n ń pè é, igi ni wọ́n ń sá lọ́bẹ kó tó sun jáde, igi tó ti lo bí ọdún 10 sí 15 nílẹ̀, bíi gíráàmù 200 péré ni wọ́n ń rí lára ẹ̀ kí wọ́n tó gé e. Ohun tó ya èmi lẹ́nu jù ni pé oòrùn kọ́ ló ń gbẹ ẹ, ọ̀rinrin ni, inú kọ́bọ́ọ̀dù tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ mú kó tutù fún omi ni wọ́n ń tì í mọ́, tó bá gbẹ wọ́n á ha á kó dán, wọ́n á tún kun òmíràn lé e, ìdí nìyẹn tí ẹ fi dúró fún oṣù mẹ́rin tí ẹ ń bú mi lórí WhatsApp.

Fífúyẹ́ tó fúyẹ́, ebonite ló wà lábẹ́, rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ sè títí tó fi le. Ìmọ́lẹ̀ máa ń mú ebonite ṣá, òun ló jẹ́ kí Namiki, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe gègé ní Japan, bẹ̀rẹ̀ sí í fi urushi bo gègé ní bíi 1925.

Ti ẹnu tó ń họ bébà yẹn, mi ò ní àwíjàre. F, ìyẹn ẹnu tẹ́ẹ́rẹ́, ni ẹ ní ká fi sí i, F Japan sì tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti Jámánì lọ, ó yẹ ká ti sọ fún yín kí ẹ tó sanwó, a ò sọ ọ́, a ò sì fi bébà kankan sínú páálí tó máa ṣàlàyé pupa yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ẹ dá a padà, owó àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ tiwa ni, a máa pààrọ̀ ẹnu ẹ̀ sí M, èyí tó fẹ̀ ju F lọ, tí Dádì ò bá sì fẹ́ ẹ mọ́ rárá, owó yín máa pé láìyọ kọ́bọ̀.

Kó tó dọ́dọ̀ wa sha, ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n yé gbé e sórí dáṣíbọ́ọ̀dù, mo rí i nínú fọ́tò tí ẹ fi síbí, oòrùn ló máa ń pa dídán urushi. Aṣọ tí wọ́n fi ń nu awò ojú wọn ti tó láti fi nù ún.