Bọ́mọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà: Ta Ló Yẹ Kó Ya Jẹ́sì Tíìmù Wa?

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Òwe tí Àáfà kan fi pa ọmọkùnrin kan lẹ́nu mọ́ nìyẹn ní ṣọ́ọ̀bù agẹrun kan ní Gáà Àkànbí, nínú Ìlọrin níbí, lálẹ́ Sátidé kan tí èmi náà wà lórí àga, wọ́n ti gẹ apá òsì orí mi tán, ó ku apá ọ̀tún. Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo bí ìgbà tí góòlù wọlé. Ọmọ náà ki fóònù ẹ̀ bọ àpò, ó wolẹ̀. Èmi náà bá wọn pariwo o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tó yá mo wá ń rò ó pé àwa tá a pariwo yẹn, ṣé a tiẹ̀ gbọ́ òwe yẹn ni àbí ohùn Àáfà nìkan la gbọ́.

Ohun tó dá ẹjọ́ sílẹ̀ rèé. Ní 2025 tí Kwara United gba Federation Cup, tí wọ́n na Abakaliki FC ní pẹnáritì, gbogbo ẹni tó jẹ́ pé Arsenal àti Chelsea ni wọ́n ń bá jí tí wọ́n ń bá sùn tẹ́lẹ̀, wọ́n rántí pé àwọn ní tíìmù nílé. Wọ́n wá ń bèèrè jẹ́sì. Níbo ni wọ́n ti ń tà á, ta ló ṣe é, kí ló dé tí kò rí báyìí, kí ló dé tí kò rí bá-ùn. Ọmọ tí mò ń sọ yìí kò bèèrè ní tiẹ̀, ó lọ jókòó ó ya tiẹ̀. Orí fóònù ló ti yà á, kò ní kọ̀ǹpútà, kò sì sẹ́ni tó rán an níṣẹ́. Ó fi ìlà aṣọ òfì sí i láti èjìká wálẹ̀, àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn bí àwọn ahunṣọ wa ṣe ń hun ún, ó wá ya ẹṣin sí àyà, kò hàn jù, àfi téèyàn bá sún mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ló kan ẹṣin nínú bọ́ọ̀lù, ó ní ṣebí oríkì wa náà ni: Ìlọrin Àfọ̀njá, ìlú tóbi tó báyìí kò léegún, ẹṣin leégún ilé wọn, ọ̀kọ̀ lorò ibẹ̀.

Ó wọ̀ mí lára, ẹ jẹ́ n sọ òótọ́.

Àmọ́ ẹ mọ báwa ṣe rí. Ẹnì kan ní Nike tàbí Adidas ló yẹ ká fà á fún, pé jẹ́sì kì í ṣe nǹkan tí wọ́n ń fi fóònù yà. Èkejì ní tíìmù ìjọba ni Kwara United, owó ìlú ni, kí wọ́n gbé e fáwọn télọ̀ inú ìlú káwọn náà rí nǹkan jẹ. Ẹlòmíì ní ká dìbò, kí gbogbo fáànù mú èyí tó bá wù wọ́n. Agẹrun tó ń gẹ orí mi dá kílípà dúró ní tiẹ̀, ó ní àwọn tó máa wọ̀ ọ́ sá eré ni kí wọ́n bi, ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kí ló kàn yín. Àríyànjiyàn yìí gbóná débi pé ẹni tó ń ta wàrà níta wọlé wá wò wá. Ìgbà tí ọmọ náà wá sọ pé àwọn àgbà ò mọ nǹkan kan nípa dísáìn ni Àáfà tú òwe yẹn lé e lórí.

Ẹ jẹ́ ká wá tú òwe náà wò. Ọ̀pọ̀ wa ló ń lò ó bí ẹní lo pàṣán. Ọmọdé lanu báyìí, wọ́n ti là á mọ́ ọn lórí, pé jókòó jẹ́ẹ́, o ò tíì bí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ẹsẹ̀ àkọ́kọ́ ẹ̀ o. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà. Àgbà tó pa òwe náà ti gbà pé ọmọdé lè láṣọ, àní kó tó ti òun, bóyá kó tiẹ̀ dáa ju ti òun lọ. Kò bá a jiyàn lórí aṣọ rárá. Àkísà nìkan ló ní kò lè ní. Kí ló wá ń jẹ́ àkísà? Aṣọ tó ti rìn ni. Ó ti lọ sí ìsọmọlórúkọ, ó ti lọ sóko, òjò ti pa á, wọ́n ti fi nu ọmọ nímú. O ò lè lọ ọjà Ìpàtà lọ rà á, kò sí ìsọ̀ tí wọ́n ti ń tà á. Ọdún ló ń hun ún. Torí náà lójú tèmi, òwe yìí ò lé ọmọdé jáde, ó kàn ń pín ohun ìní ni: aṣọ tọmọdé, àkísà tàgbà, ẹni tó bá sì fẹ́ rán èyí tó máa pẹ́, àfi kí méjèèjì wà níwájú ẹ̀.

Ibi tí mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyẹn ni ìgbà tí agẹrun ní, "Àáfà, ẹ má bínú o, àkísà tẹ́ ẹ ń wí yẹn dà?" Ẹ̀rín sọ. Bàbá náà ò bá wa rẹ́rìn-ín, ó rán ọmọ ẹ̀ nílé, ilé wọn ò jìnnà. Ọmọ náà gbé nǹkan dé nínú ọ̀rá búrẹ́dì.

Jẹ́sì ni. Tíìmù àdúgbò wọn ìgbà tóun fúnra ẹ̀ ṣì ń gbá bọ́ọ̀lù, òun náà ló sì ń wọ̀ lọ sí sitédíọ̀mù nígbà tí wọ́n ṣì ń jókòó sórí kànkéré nínú òòrùn. Àwọ̀ ẹ̀ ti ṣá débi pé èèyàn mẹ́rin wò ó, ẹni méjì ní aró ni, ẹni méjì ní ewéko ni, Àáfà fúnra ẹ̀ ní òun ò rántí mọ́. Nọ́ńbà ẹ̀yìn ti ṣí kúrò, àpá gọ́ọ̀mù nìkan ló kù, bí àpá iná lára èèyàn. Ọrùn ẹ̀ ti kúrò ńbẹ̀, ìyàwó ẹ̀ ló fi àǹkárá pààrọ̀ ẹ̀ torí pé tàtijọ́ yẹn máa ń họ ọ́ lọ́rùn tí yóò fi lé ròrò. Ó ní ká fọwọ́ kàn án. Mo fọwọ́ kàn án. Háà, bí àpò sìmẹ́ńtì ni, báwo lẹnì kan ṣe fi nǹkan yìí sá eré nínú ooru Ìlọrin! Ohun kan ṣoṣo tí kò bàjẹ́ lára ẹ̀ ni ààmì tíìmù tó wà láyà. Wọn ò tẹ̀ ẹ́, wọn ò lẹ̀ ẹ́, òwú ni télọ̀ kan fi rán an, ó ṣì le gírígírí.

Ọmọ tó ti ki fóònù bọ àpò dìde. Kò sọ̀rọ̀, ó kàn tẹ̀ mọ́ ààmì yẹn ó ń fi èékánná wá ibi tí òwú ti bẹ̀rẹ̀.

Èmi náà ní àkísà tèmi, ìtìjú ni kì í jẹ́ kí n mú un jáde. Lọ́dún kan tá a fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù Iléyá ládùúgbò wa, èmi ni wọ́n ní kí n lọ mú jẹ́sì. Mo rí ọ̀kan lórí fóònù, ó dúdú kirimú, nọ́ńbà ẹ̀yìn ẹ̀ pupa rúsúrúsú, ó ń dán, mo ní èyí ni. A wọ̀ ọ́. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ti fẹ́ pe ìrun mọ̀gáríbì, tí eruku pápá ti gba gbogbo ojú, rẹfirí ò rí nọ́ńbà kankan mọ́. Ẹnì kan gbá èèyàn lẹ́sẹ̀, ẹlòmíì ló gba káàdì. Ó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, orí ẹni kan náà ló tún já lé, ni wọ́n bá lé ọmọ ọlọ́mọ tí kò ṣẹ̀ jáde. Wọ́n nà wá. Títí dòní "Dísáínà" ni wọ́n ń pè mí ládùúgbò yẹn, kì í sì í ṣe pé wọ́n ń yìn mí o.

Mo rò pé ìyà tálákà ni títí mo fi kà nípa Manchester United. Ní April 13, 1996, wọ́n wọ jẹ́sì kan tó rí bí eérú lọ bá Southampton. Nígbà tí ìdajì máa fi parí, wọ́n ti jẹ góòlù 3-0. Alex Ferguson, kóòṣì wọn, ní kí wọ́n bọ́ ọ dànù, wọ́n wọ èyí tó ní aró àti funfun jáde, wọ́n dá ọ̀kan padà, ó parí sí 3-1. Wọ́n láwọn ò rí ara wọn láàárín èrò. Ẹ wo kọ́ńpìnì ńlá, ẹ wo owó, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó wo jẹ́sì yẹn látòkèèrè lórí pápá kó tó di pé wọ́n wọ̀ ọ́. Nítorí náà ẹni tó ní ká fà á fún kọ́ńpìnì ńlá ká sì lọ sùn, mi ò bá a lọ.

Ṣé ká wá fà á fún ẹni tó lówó? Cardiff City, ní ìlú Wales, aró ni wọ́n ń wọ̀ látayébáyé, ẹyẹ aró ni ìnagijẹ wọn. Ní 2012 ẹni tó ni tíìmù, ọlọ́rọ̀ ará Malaysia kan, Vincent Tan, ní pupa ni wọ́n máa wọ̀ báyìí, pé pupa ló ní oríire. Oríire náà dé lóòótọ́, ní 2013 wọ́n gòkè lọ sí Premier League. Àwọn fáànù ò gbà. Wọ́n ń jókòó sínú sitédíọ̀mù tiwọn wọ́n ń wọ aró, títí ó fi dá a padà fún wọn ní January 2015. Ìyẹn ló máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, pé èèyàn á gòkè, inú ẹ̀ ò ní dùn torí àwọ̀ aṣọ. Ẹni tí kò ní àkísà kankan nílé ló máa sọ pé wèrè ni wọ́n.

Àmọ́ o, mi ò ní kí ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ pé ọmọ ìlú nìkan ló gbọ́dọ̀ yà á wá máa jó. Jẹ́sì Super Eagles ti 2018 yẹn, tí ìyẹ́ wà lápá ẹ̀, tí NFF, àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà, ní èèyàn mílíọ̀nù 3 ti bèèrè fún kó tó jáde, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń bá Nike ṣiṣẹ́ nígbà náà, Matthew Wolff, ló yà á. Kì í ṣe ọmọ Nàìjíríà. Kí ló wá jẹ́ kó wọ̀ wá lára báyẹn? Ó lọ tú àkísà wa wò ni. Jẹ́sì 1994 ló wò, ìgbà tá a kọ́kọ́ lọ World Cup. Ẹni tó sì fi góòlù àkọ́kọ́ wa lọ́hùn-ún sínú àwọ̀n, ní Dallas, ní June 21, 1994, lójú Bulgaria, ọmọ Ìrá ni, ní gúúsù Kwara wa níbí, Rashidi Yekini, ìlú Ìrá tí wọ́n ní Ọya wọlẹ̀ sí. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ín sí ní 2012. Orúkọ ẹ̀ ló sì wà lára pápá ńlá tí Kwara United ti ń gbá bọ́ọ̀lù ní Ìlọrin. Ṣé ẹ wá rí i, ọmọ Amẹ́ríkà tú àkísà Ìrá wò, ó fi rán aṣọ tí gbogbo ayé ń tò sí ìlà torí ẹ̀, àwa tá a ni àkísà ń jà lórí bẹ́ǹṣì. (Ká fi ti pé wọ́n ò kọjá gúrúùpù ní 2018 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Aṣọ ńlá kọ́ lèèyàn ńlá.)

Àwọn ará Arsenal tó wà láàárín wa náà rí irú ẹ̀ ní 2024. Adidas lọ mú Foday Dumbuya, ọmọ Sierra Leone tó ní ilé aṣọ Labrum ní London, òun ló bá wọn ya jẹ́sì ìrìn-àjò, èyí tí wọ́n ń wọ̀ lọ gbá bọ́ọ̀lù nílé onílé, ó fi owó ẹyọ ṣe ọ̀ṣọ́ sí i. Ìyẹn ò nílò kẹ́nikẹ́ni tú ẹrù fún un, òun ló láṣọ òun náà ló lákìísà.

Ní ti ìbò, ẹ má bínú sí mi, mi ò fẹ́ ẹ. Orí fóònù la máa ti dì í, ohun tó bá sì dáa lórí fóònù la máa mú, mo ti sọ tèmi ti nọ́ńbà pupa rúsúrúsú fún yín. Èyí tí mo fẹ́ kó wà lọ́wọ́ fáànù ni àṣẹ àtikọ̀. Kí wọ́n mú un wá sí pápá, kí ọmọ kan wọ̀ ọ́, kó sáré lọ sí ìkángun lọ́hùn-ún lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, káwa tá a jókòó lókè pe nọ́ńbà ẹ̀. Tá ò bá rí i, ẹ gbé e padà. Tó bá sì jáde tán, ìdánwò kan ṣoṣo ló kù, ẹ lọ wò ó lọ́nà Táíwò bóyá àwọn tó ń kó jẹ́sì léjìká kiri ti ní ayédèrú ẹ̀. Tí wọn ò bá ṣe ayédèrú ẹ̀, kò dùn nìyẹn.

Ẹ̀yin àgbà wa náà, ọ̀rọ̀ díẹ̀ rèé. Àkísà tó wà nísàlẹ̀ àpótí kò wúlò fẹ́nikẹ́ni. Ká ní Àáfà ò rán ọmọ nílé lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni, à bá lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀rín, ọmọ yẹn ì bá sì fi ẹṣin ẹ̀ pamọ́ títí ayé. Ìwọ ọmọ náà, ẹ̀bi tìẹ ò ju ẹnu tó o fi sọ pé àwọn àgbà ò mọ nǹkan kan. Aṣọ ẹ dáa. Ṣáà bọ́ fóònù jáde lápò.

Ó sì bọ́ ọ jáde lóòótọ́. Ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n mú jẹ́sì yìí lọ sílé kí n lè yàwòrán ẹ̀ dáadáa nígbà tílẹ̀ bá mọ́." Àáfà ní láéláé, kò ní kúrò lójú òun. Ni wọ́n bá tẹ́ ẹ sórí àga kejì, lábẹ́ gílóòbù, jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn, Àáfà fa apá kan, agẹrun fa apá kejì kó lè tẹ́ dáadáa, ó ṣì mú kílípà dání, ó ń sọ fọ́mọ náà pé kó gbé ẹṣin yẹn wálẹ̀ díẹ̀ kó má bàa kọ lu ààmì, pé kó sì fún nọ́ńbà ní funfun.

Mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, apá ọ̀tún orí mi ńkọ́?" Wọn ò tiẹ̀ wẹ̀yìn.